Orúnkún Afusat

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Anisah ń wá lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì ti ń wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, bóyá ì bá tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni: Afusat kò lè dá wẹ̀ mọ́. Anisah ló ń wẹ̀ fún un láràárọ̀ kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́, nítorí làkúrègbé ti ká ìka Afusat kò, ó ti wọ èjìká rẹ̀, ó sì ti ba orúnkún rẹ̀ méjèèjì jẹ́ débi pé bí ó bá rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wú títí di ọjọ́ kejì.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe," ni Anisah wí. Ó ti kó àwo kúrò lórí tábìlì ìdáná, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú bí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì. "Èmi ni nọ́ọ̀sì tó fẹ́ yẹ̀ yín wò. Ẹ ti wọlé, ẹ ti jókòó. Good morning, Mrs Jimoh. How are you today?"

"Fine, thank you," ni Afusat dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Alhamdulillahi. We thank God."

"Mummy."

"Kí ni mo tún ṣe?"

"Ẹ tún ní fine."

"Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Àbí kí n máa wò ó bí ẹran?"

"Kò kí yín. Ìbéèrè ni. Bẹ́ ẹ ṣe sọ fine yẹn ló ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí èèyàn béèrè àlàáfíà mi láàárọ̀ kùtù, kí n wá máa ka àìsàn sí i létí? Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Anisah mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Do you cook, Mrs Jimoh?"

"Yes. Every day."

Anisah pa kọ̀ǹpútà dé. "Ta ló se ọbẹ̀ àná?"

"Èmi ni."

"Ta ló rẹ́ àlùbọ́sà?"

"Ìwọ."

"Ta ló lọ ata? Ta ló gbé ìkòkò kaná, tó tún sọ̀ ọ́?"

"Ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o fi irú sí i? Ta ló sọ fún ọ pé iyọ̀ kò tó? Bí mo bá kúrò lórí àga yìí, ṣé ọbẹ̀ lo máa sè yẹn àbí omi ìfọwọ́?"

Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti bí Afusat, kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Ìyá tó jókòó tó ń pàṣẹ lórí ọbẹ̀ ló se ọbẹ̀, bí ẹni tó gba bíríkìlà síṣẹ́ ṣe ń sọ pé òun kọ́lé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba kò mọ irú sísè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó di ọ̀bẹ mú nìkan ló mọ̀.

Kì í ṣe Afusat nìkan ni wọ́n kọ̀wé sí lọ́dún 2016 yẹn. Ìjọba ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé ti pinnu pé owó tí wọ́n ń fún àwọn aláìlera tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, pé òmíràn ti rọ́pò rẹ̀, kí olúkúlùkù sì wá fi hàn lọ́tun pé ara òun kò dá. Àwọn tí dókítà ti sọ fún pé àìsàn wọn kò ní í lọ mọ́ wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà ní láti wá sọ pé ẹsẹ̀ kò tíì hù padà.

Owó yìí ni wọ́n fi ń háyà mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú tó wà níwájú ilé wọn ní Thamesmead North. Rélùwéè kò dé àdúgbò náà. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró wà lẹ́yìn ọgbà ìṣeré, Afusat kò sì lè rìn dé ìdajì ọ̀nà. Mọ́tò yìí ni Anisah fi ń gbé e lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́, òun náà ló fi ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Plumstead lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Yàtọ̀ sí ibi méjèèjì yìí, Afusat kì í lọ síbì kankan mọ́. Bí àyẹ̀wò náà bá bàjẹ́, wọ́n á wá gbé mọ́tò wọn lọ, inú ilé ló máa kù fún un.

Ó sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Abbey Wood. Ó ti wẹ̀ fún ọ̀gá ológun àtijọ́, ó ti wẹ̀ fún ìyàwó adájọ́. Kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lálaalẹ́, ó máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé náà pé ẹni báyìí kò lè dá wẹ̀, ẹni báyìí kò lè dá jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n bó ṣe ń kọ ọ́. Ara ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ara tirẹ̀ kọṣẹ́, ilé náà fún un ní káàdì àti òdòdó. Ọkọ rẹ̀ ti padà sí Ìbàdàn ṣáájú ìgbà náà, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì máa ń pè nígbà Iléyá. Anisah ló kù. Ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin. Iṣẹ́ tó rí ni kí ó máa gbé fóònù nílé iṣẹ́ abánigbófò, kí ó máa sọ fún àwọn èèyàn pé owó wọn kò tíì jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, Medinat wá láti Connaught Estate. Òun àti Afusat ti jọ ṣiṣẹ́ òru rí, ó sì ti mú ọkọ tirẹ̀, Bàbá Faiz, la irú àyẹ̀wò yìí kọjá. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ìyá Anisah, gbọ́ mi dáadáa. Ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, wọn kì í wọn àìsàn. Bàbá Faiz ń sọ fún mi pé òun á ní òun ń gbìyànjú. Mo ní, máa gbìyànjú o, títí wọ́n á fi gba ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Afusat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Má rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Má fi wúrà sétí. Má lé tìróò. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o lè dá wọ bùbá, ní o ò lè wọ̀ ọ́."

"Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn," ni Afusat wí. "Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Málékà wà nítòsí tó ń ṣe àmín sí gbogbo ọ̀rọ̀. Mi ò ní fi ẹnu ara mi so àìsàn mọ́ ara mi lọ́rùn."

"Málékà mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba mọ́tò rẹ. Ti mọ́tò ló máa ṣe àmín sí."

"Medinat, o ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo bẹ̀rù bọ́ọ̀sì náà."

Anisah gbé tíì wá fún wọn. "Auntie, ṣé wọn ò ní wo bí Mummy ṣe ń rìn?"

"Wọ́n á wò ó. Fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́rìí fúnra rẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Ẹnu rẹ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí èké. Ẹnu ni kí o kọ́."

Anisah gba ìmọ̀ràn náà bí ó ti rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú baàfù, lórí àga oníke funfun tí ọsibítù fún wọn. Ó fi ọṣẹ pa á lára láti ọrùn dé itan. Lẹ́yìn náà ó dá omi dúró, ó sì na kànrìnkàn sí i.

"Ẹ parí rẹ̀."

Afusat rò pé eré ni. "Tan omi jàre, òtútù ń mú mi."

"Ẹ ní ẹ lè wẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lánàá, I bath every morning. Ẹ wẹ̀, mà."

Afusat gba kànrìnkàn. Ó dúró lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì já bọ́. Ó tẹ̀ síwájú kí ó lè mú un, èjìká rẹ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ náà dé ibẹ̀. Ó gbìyànjú ọwọ́ kejì. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mọ́ ọn lára, awọ ara rẹ̀ le gbagidi. Anisah fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó mọ orúkọ tí wọ́n á pè é bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣe é fún arúgbó kan ní Abbey Wood, ó sì mọ̀ pé ìyá òun ì bá fẹjọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sùn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò tan omi.

"Anisah. Ìyá rẹ ni mí."

"Mo mọ̀, mà. Kí lẹ ò lè ṣe?"

Afusat wo ẹ̀rọ omi. "Mi ò lè dá wẹ̀."

"Lédè òyìnbó."

"I cannot bath myself."

Anisah tan omi. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án wò, kó má bàa gbóná jù.

Ó nu ara ìyá rẹ̀ gbẹ, ó sì wọṣọ fún un. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọmọ iléèwé tó ti jẹgba. How are you? I am in pain. Do you cook? My daughter cooks. Anisah ń béèrè, Afusat ń dáhùn, kò sì tújúká mọ́.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè Woolwich Arsenal. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn, wọ́n jókòó láàárín àwọn mìíràn tó ń dúró, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣí.

"Mrs Jimoh? Afusat Jimoh?"

Bí wọ́n ṣe ń pe Afusat ní Ìbàdàn ni ohùn náà ṣe pè é. Obìnrin tó dúró níbẹ̀ ti hewú, ó so awò ojú mọ́ ọrùn, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá ju Afusat lọ. Ọlágúnjú ló wà lára káàdì tó fi há àyà. Anisah rí i tí ara tu ìyá rẹ̀. Ara tu òun náà. Ẹni tiwa ni. Ó máa yé e.

Wọ́n wọ yàrá náà. Anisah yípadà láti pa ilẹ̀kùn dé, nígbà tó sì máa fi yíjú padà, ìyá rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Orúnkún méjèèjì ló fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Kò rò ó kó tó ṣe é. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ ọ pé bó bá ti rí ẹni tó ju òun lọ, ilẹ̀ ló kàn, ìkọ́ni náà sì ti pẹ́ lára rẹ̀ ju làkúrègbé lọ. Anisah rí i tí ìrora gba ojú rẹ̀ kọjá, tó gbé e mì, tó sì rẹ́rìn-ín lé e.

"Háà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà," ni Mrs Ọlágúnjú wí. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mà. Òkè-Àdó."

"Ọmọ dáadáa."

Ojú ti Afusat kí àgbàlagbà máa wo òun nílẹ̀ pẹ́. Ó di etí tábìlì mú, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú apá rẹ̀ fa ara rẹ̀ dìde kí Anisah tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mrs Ọlágúnjú ti jókòó, ó sì ti ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Anisah rò pé déètì ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó la máa sọ, bí wọ́n ṣe fẹ́ nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ yípadà. "So, Afusat, how are you today?"

"I am in pain," ni Afusat wí.

Anisah mí sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ni Afusat sọ. Ó sọ pé òun kò lè dá wẹ̀. Ó sọ pé ọmọ òun ló ń wọ aṣọ fún òun, tó ń gé ẹran òun sí wẹ́wẹ́. Kò sunkún. Fèrèsé ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí Anisah kò kọ́ ọ: pé lóru, nígbà mìíràn, òun kì í tètè dé ilé ìyàgbẹ́, pé ọmọ òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn. Anisah tẹ orí ba.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni Mrs Ọlágúnjú wí lédè Yorùbá, jẹ́jẹ́, ó sì ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ.

Nínú mọ́tò, Afusat ń nu ojú. "Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, mà. Ẹ ṣe dáadáa."

"Ẹni wa ni. Ó gbọ́ mi yé. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kí mi pẹ̀lẹ́?"

Kó tó di alẹ́, orúnkún rẹ̀ ti wú débi pé kò lè ká wọn. Orí ibùsùn ló wà títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Anisah gba àyè níbi iṣẹ́, ó ń gbé póò lọ, ó ń gbé e bọ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti tán, pé ìyá òun ti sọ ọ́.

Nígbà tí èsì dé, Anisah kà á ní ìdúró. Wọ́n ní Afusat kò yẹ fún owó náà. Ó ṣí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n fi sí i, ó wá ìdí rẹ̀, ó sì rí i. Ó kà á fún ìyá rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Wọ́n ní, a rí i tí ó tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi kan ilẹ̀, tí ó sì dìde láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ní ohun tó fi ẹnu sọ kò bá ohun tí a fi ojú rí mu."

Afusat ní, "Ó kọ ọ́ pé mo kúnlẹ̀ kí òun?"

"Rárá. Ó kọ ọ́ pé ẹ tẹ orúnkún."

"Kò wá kọ ọ́ pé ìkíni ni?"

"Kò kọ ọ́."

"Bóyá fọ́ọ̀mù wọn kò ní àyè tí wọ́n ń kọ ọ́ sí."

"Kí ló dé tí o kúnlẹ̀?"

"O" ló sọ sí ìyá rẹ̀, kì í ṣe "ẹ". Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Anisah kò sì padà tún un ṣe.

"Àgbà ni," ni Afusat wí. "Ó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Ṣé kí n nàró gangan níwájú rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kí ẹ nàró! Òyìnbó ni ì bá bi yín pé kí lẹ ń ṣe nílẹ̀. Òun kò béèrè, torí ó mọ̀. Ó mọ̀, inú rẹ̀ dùn sí i, ó gbà á, ó sì tún fi jẹ́rìí takò yín."

Afusat ń wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú tì í.

Anisah kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà. Ó fi gbogbo ohun tó kọ́ ní yunifásítì kọ ọ́, ó ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún wọn, ó ní dókítà ìyá òun lè jẹ́rìí bí orúnkún náà ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ àṣà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àṣà kì í fún ẹsẹ̀ ní agbára tí kò ní. Ó wá ku ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

"Ẹ máa borí níbẹ̀, mà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń borí níbẹ̀," ni Anisah wí.

"Ta ló máa jókòó?"

"Adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan sí i."

"Ọkùnrin?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n á sì tún ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ yẹn."

"Wọ́n á béèrè, mà."

"Rárá."

"Mummy—"

"Mo ní rárá. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. O mọ bí o ṣe gbà á lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ lójú ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó sì pè mí ní onírọ́. Mi ò sọ ọ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé. Kí wọ́n wá gbé mọ́tò wọn."

Anisah wá ohun tó lè fi fipá mú un. Kò rí. Kò sí omi tó lè dá dúró mọ́.

Ọkùnrin kan wá gbé mọ́tò náà lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Ó ṣe pẹ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde, kò sí ìkánjú. Anisah kó tìmùtìmù tí ìyá rẹ̀ fi ń jókòó, agbòjò, àti ike omi àlùwàlá. Ọkùnrin náà ya fọ́tò gbogbo ibi tí ara mọ́tò ti bó, ó fọwọ́ sí nǹkan, ó sì wà á lọ. Afusat kò jáde, kò sì wo fèrèsé.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé, Medinat pè pé Faiz ọmọ òun lè yà gbé e, pé kó ṣáà múra. Afusat dúpẹ́ títí, ó ní kí ọmọ má ṣe wàhálà. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Anisah, tó ti gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú hijab ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ló dé, mà?"

"Ìrun Jímọ́ọ̀ kò pọn dandan fún obìnrin," ni Afusat wí, ó sì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Òtítọ́ ni. Anisah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tó ti ń bá a lọ sí mọ́ṣáláṣí náà, kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.